Ọ̀dà pupa tí mo kùn sára ẹ́ńjìnnì bàbá mi

Màmá mi ò dá mi mọ̀ lónìí. Ọ̀dà ló fà á.

Yẹ́lò ni bàbá mi máa ń kun ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọn. Bí màmá bá ti rí yẹ́lò yẹn lókèèrè, wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná.

Bàbá kú, ọkọ̀ di tèmi. Yẹ́lò ti bó tán, ni mo bá ra pupa ní Ugbonla. Ẹni tó tà á ní ooru àti omi iyọ̀ ò lè bó o láéláé.

Mo gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, màmá ò tíì dáná.

"Màmá, ẹ ò rí mi ni?"

"Mo rí ọkọ̀ pupa kan, mo rò pé àlejò ni. Yẹ́lò bàbá rẹ ni mò ń retí."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni wọ́n fi ń bó ọ̀dà tí kì í bó?