Fíìmù Tí Bàlíkísù Kò Rí Òpin Rẹ̀

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1979. Ènìyàn mẹ́rìnlélógójì ló jókòó wo fíìmù nínú gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Chikaji, ní Zaria. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn.

Bàlíkísù ni orúkọ rẹ̀. Taípíìsì ni ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá ta aṣọ ní Sabon Gari kí wọ́n tó bí i, nítorí náà Hausa ló fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá a wí nílé. Ó fẹ́ Wahab, ọmọ Ọ̀yọ́, sójà. Wahab wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sójú ogun abẹ́lé láti ibùdókọ̀ Zaria. Ogun parí, àwọn tó kù padà, Wahab kò padà. Kò sẹ́ni tó wá túfọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé òun rí i láàyè. Ìlú pe Bàlíkísù ní opó. Òun fúnra rẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó gba yàrá méjì ní Dogarawa, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀.

Kò sí ohun tó wù ú láyé bíi síńmà, kò sì lè dé ibẹ̀. Ní Zaria, obìnrin tó bá wọ ilé síńmà ti fi iyì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Karuwa ni wọ́n ń pè é, aṣẹ́wó, ìbáà bímọ mẹ́fà. Àwọn ọkùnrin tó ń pè é bẹ́ẹ̀ á kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á gba ilé síńmà lọ tààrà, wọ́n á sì gbọ́ orin Íńdíà títí wọn á fi mọ̀ ọ́n kọ. Láti kékeré ni Bàlíkísù ti ń gbọ́ orin wọ̀nyẹn láti ẹ̀yìn ògiri. Ó mọ ohùn àwọn tó ń kọ ọ́. Kò mọ ojú wọn.

Ọ̀mọ̀wé Adélàjà ló ṣílẹ̀kùn fún un, a kò ní fi èyí dù ú. Olùkọ́ yunifásítì ni, ó ti òkè òkun dé pẹ̀lú ìfẹ́ fíìmù, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa yá fíìmù oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ àwọn ilé aṣojú ìjọba wọn ní Èkó. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ fún ẹgbẹ́ náà ní gbọ̀ngàn, ó sì ní kí taípíìsì òun máa bá wọn tẹ lẹ́tà. Bàlíkísù tẹ lẹ́tà. Fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í dé nínú agolo irin pẹrẹsẹ. Òun ló ń lọ gbà wọ́n ní ibùdókọ̀ ojú irin, òun náà ló sì ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó padà sí Èkó: yóò jókòó ti fèrèsé, yóò máa fi ìka méjì fa fíìmù náà kọjá lójú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà, láti mọ̀ bóyá ibì kan ti ya. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi san owó ìjókòó rẹ̀. Gbọ̀ngàn níbi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ilé síńmà, ẹnu ìlú kò rí i mú.

Fíìmù Jàpáàn ló kọ́kọ́ wò, lọ́jọ́ Sátidé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Obìnrin kan ń ṣan ìrẹsì, ó ṣàn án pẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin ń hanrun. Bàlíkísù kò gbọ́ èdè Jàpáàn, kò sì yára tó láti ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé obìnrin náà kò fẹ́ kí ìrẹsì náà mọ́, torí bó bá mọ́, ó di dandan kó wọlé lọ bá ọkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rí Senegal, ó rí Poland, ó rí ọ̀dá ní Brazil níbi tí ẹṣin ti ń jẹ òrùlé. Ó rí i pé ní gbogbo ilẹ̀ tí òun ti dé lórí aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wo fíìmù, ẹni tó ń bu oúnjẹ kì í kọ́kọ́ jẹ.

Kàmọ́rù, mẹkáníìkì tó ń yí ẹ̀rọ fíìmù, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àlhájà, ìlú wo là ń rè lónìí?"

"Poland."

"Ṣé tuwo wà níbẹ̀?"

"Ọ̀dùnkún ni wọ́n ń jẹ."

"Láàárọ̀ lálẹ́? Haba, Àlhájà. Ẹ jẹ́ ká dá owó jọ fún wọn."

"Wọ́n ní yìnyín tó ga tó ìwọ náà. Dá owó aṣọ òtútù tìrẹ jọ ná."

Ní oṣù kìíní ọdún 1981, fíìmù kan dé láti Hungary. Ìwé kékeré kan wà nínú agolo rẹ̀ tó sọ ohun tó wà nínú ìtàn náà. Ìyá arúgbó kan ń ṣe búrẹ́dì láràárọ̀, ó ń gbé e lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń dúró de ọmọ rẹ̀ tó lọ sójú ogun. Ìwé náà kò sọ bóyá ọmọ náà dé. Bàlíkísù kà á lórí ìdúró, láàrin àwọn aláàárù, níbi tí Wahab ti wọkọ̀. Ó fi ìwé náà padà sínú agolo. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wò ó. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: bóyá ọmọ náà dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Adélàjà gbé mọ́tò wá sí ọ́fíìsì.

"Bàlíkísù, fún mi ní fíìmù Hungary yẹn. Mo ní àlejò nílé lálẹ́ òní."

"Ọ̀mọ̀wé, àdéhùn wọn ni pé kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni. Kàmọ́rù nìkan ló sì mọ ẹ̀rọ yẹn í yí."

"Ta ni alága nínú èmi àti ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó gbé fíìmù, ó gbé ẹ̀rọ, ó lọ. Àwọn tó wà nílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀. Ó dá fíìmù náà dúró kí ó lè la àwòrán yé àwọn àlejò rẹ̀. Ó dìde, ó ń nawọ́ sí ibí, ó ń nawọ́ sí ọ̀hún. Iná ẹ̀rọ náà gbóná bí ààrò. Fíìmù tó bá dúró lójú irú iná bẹ́ẹ̀, yíyọ́ ló ń yọ́. Nígbà tí òpin ń bọ̀, ó tún dá a dúró; wọ́n wò ó tán, ṣùgbọ́n apá tó kẹ́yìn ti lọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á jáde.

Sátidé kọjá láìsí fíìmù ní gbọ̀ngàn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, agolo náà wà lórí tábìlì Bàlíkísù. Ó jókòó ti fèrèsé, ó ń fa fíìmù náà. Ó rí ìyá arúgbó náà. Ó rí búrẹ́dì lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó rí ojú irin. Ihò kan wà níbi tí ojú ìyá náà yẹ kó wà, etí ihò náà dúdú. Ó ń fà á lọ, ihò mìíràn. Lẹ́yìn náà, fíìmù tán. Apá tó kẹ́yìn wà ní ìsàlẹ̀ agolo, ó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra, kò ṣeé tú.

Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà ṣe padà sí Èkó, àwọn ará Hungary sì kọ̀wé láti ibẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ dárúkọ ẹni tó ba fíìmù náà jẹ́, kí ẹni náà má sì fọwọ́ kan fíìmù wọn mọ́ láéláé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ yíyá parí. Àkókò náà gan-an ni wọ́n ń yẹ Adélàjà wò láti sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ Adélàjà ló lọ jẹ́wọ́, ìtàn yìí ì bá ti parí síbí. Kò lọ. Ó ṣe ohun tí àwa máa ń ṣe. Ó wá àgbà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n dé Dogarawa. Àlhájì Sàlíhù ló ṣíwájú, olórí àwọn oníṣòwò Ìlọrin, ọ̀rẹ́ bàbá Bàlíkísù, ẹni tó gbé e jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Baba Adégbénga, àgbà ìjọ, tẹ̀ lé e. Adélàjà kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Bàlíkísù kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé omi wá. Àlhájì fi ọwọ́ ti ife náà.

"Omi rẹ mọ́, ọmọ mi. A ò ní mu ún. Ẹ̀bẹ̀ la bá wá, a ò sì tíì mọ̀ bóyá o máa gbà."

"Ẹ̀bẹ̀ kí ni, Baba?"

"Ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn. A fẹ́ kí o ní ìwọ ni."

"Èmi kọ́, Baba."

"Ta ló ní ìwọ ni? Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ kọ́. Torí a mọ̀ pé o ò ṣe é la fi ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣe é ò lè gbé e."

Baba Adégbénga fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ọmọ wa kan ló fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n láàrin àwọn èèyàn yìí. Ojú wọn wà lára wa. Ìwọ, taípíìsì ni ẹ́. Kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ?"

"Jíjókòó wo fíìmù ni, Baba."

"Haba, Bàlíkísù," ni Àlhájì wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. O máa ní ìwọ ni, wọ́n máa ní kí o má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó parí. Ta ló máa lé ẹ? Ṣé Adélàjà tó o gbà là ló máa lé ẹ?"

Àlhájì Sàlíhù ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí ẹní, ó di àga mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ dún. Ẹni àádọ́rin ọdún ń kúnlẹ̀ fún ọmọ tó gbé jó. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí Bàlíkísù bá jẹ́ kí eékún náà kan ilẹ̀, kò sí ilé Yorùbá kan ní Zaria tí yóò tún dáhùn ìkíni rẹ̀. Àlhájì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń kúnlẹ̀.

Bàlíkísù dì í mú lápá kó tó dé ilẹ̀. "Ó ti tó, Baba. Mo ti gbọ́."

Wọ́n mu omi. Àlhájì súre, ó súre púpọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Bàlíkísù ní, "Baba, ẹ ti bá Adélàjà bẹ̀ mí. Ta ló máa bá a bẹ ìyá inú fíìmù?" Àlhájì rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe wọn nìyí, àwa nìkan la sì lè ṣe é: wọ́n rò pé aṣọ àyálò ni ẹ̀bi, tí èèyàn lè wọ̀ lọ sóde lẹ́ẹ̀kan, kó bọ́ ọ, kó dá a padà fún olówó rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ jókòó, Bàlíkísù dìde, ó ní òun ni. Kàmọ́rù mọ̀ pé Adélàjà ló gbé ẹ̀rọ lọ. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan ka lẹ́tà Hungary sókè, ó ní kí ẹgbẹ́ ṣe bí lẹ́tà ti wí, pé ẹni tí kò lè tọ́jú fíìmù kò yẹ kó bá wọn wò ó. Wọ́n nawọ́ sókè. Adélàjà ní ohun tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ni òun náà fẹ́. Àwọn tó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n nawọ́ pẹ̀lú àwọn ìyókù. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gba iṣẹ́ títẹ lẹ́tà ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Bàlíkísù. Láti Sátidé náà, ọkùnrin nìkan ló ń wọ gbọ̀ngàn Chikaji.

Bàlíkísù sọ ọ́ fún Àlhájì Sàlíhù. Àlhájì ní kó ní sùúrù, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Nígbà Iléyá, ó fi itan àgbò ránṣẹ́ sí i. Bàlíkísù dá a padà pẹ̀lú ìkíni tó pé. Adélàjà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àlhájì àti Baba Adégbénga jókòó níwájú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Bàlíkísù pàdé Adélàjà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò bá a jà. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yẹn dé, àbí kò dé?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ ìyá tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí ojú irin. Ẹ̀yin wò ó dé òpin."

Adélàjà ronú. Ó ronú tọkàntọkàn, ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé iwájú orí. "Mi ò rántí mọ́," ló wí. "Fíìmù yẹn ti gùn jù." Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó wọ mọ́tò.

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, bí o bá wà ní ilé Adélàjà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, tí o jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, tí o sì wo fíìmù náà dé òpin, dìde. Lọ sí Dogarawa. Sọ fún Bàlíkísù bóyá ọmọ náà dé. Lẹ́yìn náà, lọ sí Chikaji lọ́jọ́ Sátidé tí gbọ̀ngàn bá kún, kí o sì dárúkọ ẹni tó jó fíìmù náà.