Ìró Ọ̀bẹ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, opó tó ń dá gbé ní Bódìjà, kì í jáde láì kọ́kọ́ fọwọ́ kan báàgì wọn. Ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní yunifásítì, ọ̀bẹ ìdáná tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ni. Nígbà tó yá, wọ́n ra èyí tó ń ká wọ inú èèkù rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ti ìsinsìnyí dà bíi bírò. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, irin á yọ, bí wọ́n bá tún un tẹ̀, á wọlé, á dún "kọ́."

"Bí ẹ̀rù ṣe ń tóbi ni ọ̀bẹ ń kéré," wọ́n máa ń wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọlé láì ké àgò. Kí n tó sọ̀rọ̀, irin tútù ti wà lọ́rùn mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o!"

"Ìwọ bàbá arúgbó yìí! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn, kí o máa yọ́ wọlé bí olè?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe tún ọ̀bẹ náà tẹ̀, ó dún "kọ́."

Láti ìgbà náà, ẹnu géètì ni mo ti ń ké àgò, màá sì dúró kí n gbọ́ "kọ́," pé irin ti padà sínú, kí n tó wọlé.

Lánàá, wọ́n dáhùn pé, "Àgò yà, máa bọ̀." Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ ìró ọ̀bẹ.

Mo tún ké àgò.