Họ́ọ̀bù Tí Kò Jí Ọmọ Mi

Ọwọ́ òsì mi ni kì í gbọ́ràn. Bí mo bá pọn ọmọ gun kẹ̀kẹ́, tí ọmọ sì mira díẹ̀, ọwọ́ yẹn á kúrò lórí háńdù, á lọ gbé e nídìí lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Ti iwájú tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá tẹ òun nìkan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á fi orí sọlẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ já lu títì ní Krofrom, àdúgbò wa, ọwọ́ mi ń bẹ lẹ́yìn. Inú gọ́tà la bá ara wa. Ọmọ ò fara pa, àmọ́ búrẹ́dì tí mò ń gbé lọ sí ọjà Asafo di ti ewúrẹ́.

Ìyá ọkọ mi gbọ́.

"Haba, ìyàwó! Fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, tàbí kí o fi ọmọ sílẹ̀ fún mi."

"Màmá, ọmú ló ṣì ń mu."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ náà ń mu ọmú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Kí n sọ òótọ́, orí kẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti rán mi níṣẹ́. Èmi, ọmọ mi, òórùn búrẹ́dì gbígbóná. N ò fẹ́ fi ìkankan sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ fítà kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ ní Suame Magazine, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí. Mo fi Twi, èdè wọn níbẹ̀, sọ fún un pé họ́ọ̀bù àárín ríìmù tí bíréèkì wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́, èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wa sẹ́yìn kó tó dúró. Ó gbé ríìmù ẹ̀yìn méjì jáde, họ́ọ̀bù ọ̀kan ń dán, ti èkejì ti dípẹtà.

"Maame, mú èyí tó ń dán. Gbà, ó ti dúró! Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn ẹ̀."

Ó dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn mi. Mo gùn ún lọ síwájú, mo wa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Gbà! Orí ọmọ sọ mọ́ mi lẹ́yìn, ló bá figbe ta.

"Kosɛ, kosɛ," fítà ń bẹ ọmọ.

Mo fún un lọ́mú títí ó fi sùn padà, fítà sì pààrọ̀ ríìmù. Mo tún gùn ún. Èyí rọra ń falẹ̀, ó ṣì sún díẹ̀ kó tó dúró. Ọmọ ń hanrun.

"Èyí ò tètè dúró o. O ní láti máa rí nǹkan lókèèrè."

Mo rò ó, mo rántí ewúrẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti bímọ, kí ni n kì í wò lókèèrè? Òun ni mo mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé búrẹ́dì ti òkè bọ̀, ọwọ́ òsì mi nídìí ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Mo dúró síwájú ìró wọn. Wọ́n nàgà wo ojú ọmọ. Oorun ló ń sùn. Wọ́n tú ọ̀já mi, wọ́n tún un dì, ó le ju bí èmi ti máa ń dì í lọ.

"Ó yá, máa lọ. Búrẹ́dì á tutù."