Ọ̀nínì Tí Mo Fọ̀ Fún Àlejò

Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni títún fáànù ṣe, létí títì ní Kétu. Ipò tí mo fi ara mi jẹ ni ọ̀jọ̀gbọ́n owó àtijọ́. Owó oníhò ayé òyìnbó ni mo ń kó jọ, ọ̀nínì, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀, tí mo sì ń fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wá lẹ́tà tíńtín tó ń sọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Súmbọ̀, ìyàwó mi, ní ká ní mo ń wo ojú òun bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti rí i pé òun ti gé irun òun láti oṣù tó kọjá.

Lọ́jọ́ kan, nínú agolo tí mo rà lọ́wọ́ Mutolib tó ń ta irin àlòkù, mo rí ọ̀nínì kan tí lẹ́tà H ara rẹ̀ jẹ́ méjì. Ọ̀kan dúró ṣinṣin. Èkejì yọ lẹ́yìn rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí òjìji. Òǹtẹ̀ ti bà á lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, irú rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n! Mo pariwo débi pé gbogbo Kétu rò pé wọ́n ti múná dé.

Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Jeffrey, tó ń gbé ní ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì. Àwọn ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà mí wọlé.

"Àwòrán ò tó," wọ́n fèsì. "Mò ń bọ̀ ní Sátidé wá fojú ara mi rí i. Tó bá jẹ́ òótọ́, o ti wọ ẹgbẹ́ nìyẹn."

Àlejò ńlá ń bọ̀! Mo fọ ilẹ̀, mo fọ fèrèsé, mo fọ fáànù oníbàárà. Mo wá wo ọ̀nínì náà: ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ kì í gbé ìdọ̀tí síwájú àlejò. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo bu iyanrìn Agboyi lé e, mo fi kànrìnkàn irin gbo ó. Ó dán débi pé mo rí gbogbo eyín mi nínú rẹ̀, títí kan èyí tó ti jẹrà.

Nígbà tó di Sátidé, Ọ̀gá Jeffrey dé, wọ́n gbé dígí tiwọn sójú. Wọ́n yí ọ̀nínì síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Bánjí, H wo lo wí?"

"Méjèèjì, sà."

"Ọ̀kan péré ni mo rí o, òun náà sì ti ń lọ sílé. Kí lo ṣe fún owó yìí?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni, sà. Torí tiyín."

Wọ́n di orí mú. Súmbọ̀ gbé omi tútù wá. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí i. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò fọ abọ́ kan rí."

Bí Ọ̀gá Jeffrey ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn, títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ya ọ̀nínì náà bó ṣe ń dán.

Wọ́n gbà mí sẹ́gbẹ́ lóòótọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bá ti wọlé, àwòrán méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn án, ti kí n tó fọ̀ ọ́ àti ti ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, wọn á wá pe èmi síta kí n ṣàlàyé ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe láéláé. Mo ti mọ̀ ọ́n sọ báyìí o. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi.