Àkọ̀ Àdá Ìyá Mi

Kí ogun abẹ́lé tó parí, ojú ìyá mi ti fọ́ pátápátá, síbẹ̀ kò yé lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn Ìlútítun. Á mú ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, á há àdá mọ́ abíyá òsì. Lọ́jọ́ kan ó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, àdá náà sì là á lápá. Àbúrò mi ránṣẹ́ pè mí láti ilé ọkọ mi ní Ode-Irele.

Mo dé, mo bẹ ìyá mi pé kó fi oko sílẹ̀.

"Kí n wá jókòó sílé máa ṣe kí ni?" ó bi mí.

Mo ní kí n kúkú rán àkọ̀ fún àdá náà. Pípọ́n ti jẹ ẹ́ títí ó fi kúrú bí ọ̀bẹ, awọ díẹ̀ ló máa gbà. Ṣùgbọ́n kò sí awọ nílé àfi èyí tó wà lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ bàbá mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni kẹ̀kẹ́ náà ti fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, táyà rẹ̀ ti jẹrà, ìyá mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mi ò bi í. Nígbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ọ̀bẹ bó awọ náà.

Mo rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀, mo ká a mọ́ àdá. Mo pọ́n irin agboòrùn àlòkù, mo fi lu ihò sí i, mo sì fi okùn àwọ̀n rán an. Mo tẹ́ rọ́bà táyà sí etí rẹ̀ nínú, kí ẹnu àdá má baà gé okùn.

Nígbà tó gbẹ, mo gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ awọ náà lọ, tọ̀ ọ́ bọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Awọ kí ni èyí?"

Ó na ọwọ́ sí mi.

"Mú mi lọ síbi kẹ̀kẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ ba irin lásán níbi tí ìjókòó wà tẹ́lẹ̀. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

"Ká ní mo ríran," ó ní, "ṣé wàá mú un?"

Mo kúnlẹ̀. Kò ní kí n dìde.

Lọ́jọ́ kejì, ó so àkọ̀ náà mọ́ ìdí, ó gba oko lọ. Àdá ò tún gé e mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé nǹkan nínú ilé, á yíjú sí mi.

"Kí lo mú yẹn?"

"Ife ni, Ìyá."

"Ìgbálẹ̀ ni, Ìyá."

Gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí i, bẹ́ẹ̀ ni, títí ó fi kú.