Ọjọ́ Tí Mo Pa Kọ̀nténà Rẹ́

Èmi ni mo dàgbà jù nínú kíláàsì náà. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó, níbi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DevOps, ìyẹn bí a ṣe ń gbé ètò kọ̀ǹpútà jáde tí a sì ń bójú tó o, "Àǹtí" ni gbogbo wọn ń pè mí. Olùkọ́ pàápàá kì í bá mi sọ̀rọ̀ láì fi "ma" kún un. Ó dùn mọ́ mi. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú kọ̀ǹpútà ńláńlá fún ilé-iṣẹ́ kan ní Áílàǹdì kí wọ́n tó dá wa dúró, mo sì gbà pé ìwé-ẹ̀rí nìkan ló kù tí mo wá gbà.

Ohun tí mo mọ̀ ni ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ. A ó mú kọ̀ǹpútà ńlá kan, a ó pín in, ìpín kọ̀ọ̀kan á máa ṣe bí odidi kọ̀ǹpútà tó ní ètò tirẹ̀. Ó wúwo, ó máa ń pẹ́ kó tó dìde, ṣùgbọ́n bí o bá pa á tí o tún un tàn, ẹrù rẹ á ṣì wà níbẹ̀. Kọ̀nténà ni olùkọ́ wá fi kọ́ wa. Ó ní kọ̀nténà, tó dà bí àpótí tí a ń fi ètò kan ṣoṣo sí, kì í gbé odidi ètò kọ̀ǹpútà dání; ọkàn ètò kọ̀ǹpútà tó gbà á sílé ló ń bá a pín lò, ìyẹn ló ṣe fúyẹ́. Ó tún ní ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀, tí a ò kó síta, á bá a lọ lọ́jọ́ tí a bá yọ ọ́ dànù. Mo gbọ́. Mo kàn sọ lọ́kàn mi pé ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ náà ni, wọ́n kàn gé e kúrú ni.

Àwa mẹ́ta la wà ní ẹgbẹ́ kan: èmi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń ti Jíbówú rìn wá, àti ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní Muṣin. Ètò tí àwọn aránṣọ á máa fi tọ́jú ìwọ̀n àwọn oníbàárà wọn la ń ṣe. Bí a bá ti jáde kíláàsì, ọmọbìnrin yìí á lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, á máa tẹ ìwọ̀n èjìká, àyà àti gígùn ọwọ́ sínú ètò náà bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wọn àwọn èèyàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ṣé kò yẹ ká kó dátà yìí sí ibi tí kò ní bá kọ̀nténà lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Fi sílẹ̀ jàre. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ṣòkòtò péńpé lo ṣì ń wọ̀ lọ sílé-ìwé."

"Ẹ má bínú, ma," ló wí.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a máa fi iṣẹ́ wa hàn, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jáde lọ ra oúnjẹ. Mo yọ kọ̀nténà náà dànù, mo dá òmíràn sílẹ̀ láti inú àwòṣe tí a fi dá ti tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé mo kàn pa ẹ̀rọ tí mo tún un tàn. Ó dìde kíá. Mo ṣí i. Kò sí orúkọ kan, kò sí ìwọ̀n kan. Nígbà tí wọ́n dé, mo kàn yí kọ̀ǹpútà sí wọn. Ọmọbìnrin náà wò ó títí.

"Kò burú, Àǹtí," ló sọ, ó sì bọ́ síta. Ojú rẹ̀ ti pọ́n nígbà tó padà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ wo iṣẹ́ wa níwájú gbogbo kíláàsì. "Dátà yín dà?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dìde kí n tó la ẹnu. "Sà, iná ló ṣe wá báyìí. Wọ́n mú un lọ lójijì."

"Iná!" Olùkọ́ mirí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ní í kọ́gbọ́n. Ẹ jókòó ti ẹni tó mọṣẹ́ bíi Àǹtí, ẹ ò lè bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́jú dátà?"

Ọmọbìnrin náà tẹ orí ba. Mo ń retí kí ọ̀kan nínú wọn tú mi fó, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bo àṣírí mi nítorí pé mo dàgbà jù wọ́n lọ. Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, ǹ bá kó sí i.

"Sà, kì í ṣe iná," mo ní. "Èmi ni. Mo yọ kọ̀nténà, mo rò pé bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ló ṣe máa tọ́jú ẹrù. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Olùkọ́ yíjú sí ìwé orúkọ ọwọ́ rẹ̀. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ma," ló wí, ó sì yára pe ẹgbẹ́ tó kàn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Muṣin láti bẹ ìyá ọmọbìnrin náà. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ma! Àǹtí ṣe báyìí, Àǹtí ṣe báyẹn, ọmọ yìí ò jẹ́ ká sinmi ńlé. Ẹ ṣé tí ẹ ń bá mi kọ́ ọ."

Ọmọ náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò tíì sọ fún un. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dìde, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un.

Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀. "Àwọn tí mo wọ̀n ò kúkú tíì kú," ló wí. "Wọ́n á padà wá." Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn. "Ẹ sún mọ́ mi, ma. Ẹ jẹ́ ká ti orí yín bẹ̀rẹ̀."

Mo na ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá ń pe nọ́ńbà, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́, èmi ò lè wo ẹnì kankan lójú.

Nígbà tí olùkọ́ fún wa láyè láti tún iṣẹ́ náà fi hàn, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló kó dátà sí ìta kọ̀nténà. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yege ìdánwò ìwé-ẹ̀rí nígbà tó yá. Wọn ò dẹ́kun pípè mí ní Àǹtí, ojú sì máa ń tì mí láti dáhùn.