Kẹ́hìndé Tó Ń Di Ilẹ̀kùn Mú Lọ́fíìsì

Bàbá Mojọlá kú ní Ògbòòro lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n. Táíwò lorúkọ àmútọ̀runwá wọn. Wọ́n sin wọ́n láìsí Kẹ́hìndé níbẹ̀, nítorí pé Kẹ́hìndé wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ṣakí, ọ̀gá rẹ̀ kò sì fún un láyè.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Kẹ́hìndé nígbà tó kú. Àwọn òbí gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń pọ̀n ọ́n. Nígbà tí ìyá kú, Táíwò gba iṣẹ́ náà ṣe, débi pé imú ère ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ìwẹ̀.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Ọ̀gbẹ́ni Débọ́lá, ọ̀gá ọ́fíìsì àṣà kan, wá yá ère náà fún ìpàtẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Ìpàtẹ parí, Kẹ́hìndé kò dé. Bàbá wá a lọ. Ìdí ilẹ̀kùn ọ̀gá ni wọ́n ti bá a, ó ń di ilẹ̀kùn mú kí atẹ́gùn má baà tì í. Ní Ṣakí tí àpáta yí ká, ṣé òkúta ni wọn ò rí?

Ọ̀gá ní fáìlì rẹ̀ ti ń lọ sókè. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni bàbá ń gun ọ̀kadà lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn, tàwọn ti ẹ̀wà sísè nínú ike. Àwáwù tó ń tọ́jú ìwé àlejò sọ fún mi pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ rí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbí, bàbá?”

“Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń dì mú.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fojú ara mi rí i. Bàbá á lóṣòó, wọ́n á nu eruku lójú ère, wọ́n á ròyìn iṣu àti ìyàwó tuntun tó wọ agboolé fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa ré àwọn méjèèjì kọjá. Nígbà tó di oṣù kejì, Àwáwù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga fún wọn. Ta ni ká wá pè ní ọ̀gá níbẹ̀?

Nígbà tí bàbá kú, Mojọlá ọmọ wọn lọ bẹ̀bẹ̀ fún ère náà nítorí ìsìnkú. Ọ̀gá ní àfi kí ẹni tó ni ín wá fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀. Mojọlá ní ẹni náà gan-an làwọn fẹ́ sin. Ọ̀gá ní kò burú, kó ṣáà wá kí wọ́n tó sin ín.

Mo ń béèrè: ọwọ́ ta ni fáìlì yẹn wà láti ọdún mẹ́fà? Ta ló sọ òkú ọmọ ọlọ́mọ di ohun tí wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn mú? Kí Débọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì gbé Kẹ́hìndé dé Ògbòòro kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mojọlá lójú gbogbo agboolé, kó sì sọ fún wọn ohun tó ń rò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó fi ń ré arúgbó kọjá. Kó má rán ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ fún wọn nílé pé kí wọ́n máa retí rẹ̀.